Màmá Tó Ń Fura sí Ìmọ́lẹ̀

Nígbà tí wọ́n pè mí láti Bódìjà pé Màmá àgbà ti dákẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí fóònù ni pé ta ló yẹ̀ wọ́n wò. Inú bí wọn. Wọ́n ní ṣé irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ẹni tó kú náà gan-an ló sì tọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Bí o bá sọ fún Màmá pé òjò ń rọ̀, wọ́n á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé. Bí ọwọ́ náà bá tutù wọlé, wọ́n á wò ó lọ, wọ́n á wò ó bọ̀, wọ́n á ní, "Ó lè jẹ́ omi tó kù lórí páànù ló ń kán."

Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti kékeré, físíìsì ni wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ àti àwọn nǹkan tó kéré jù, èyí tí wọ́n ń pè ní kúáńtọ̀mù, gan-an ni tiwọn. Èmi ò mọ físíìsì. Oògùn ni mò ń tà ní àdúgbò Challenge, mi ò sì lè gbé páálí oògùn kan sórí pẹpẹ láìyí i sọ́tùn-ún sósì, kí n fi èékánná ha èdìdì rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi a máa ní mò ń wo àwọn bí ọlọ́pàá. Ojú Màmá ni mò ń lò.

Bí a bá fẹ́ lọ kí àbúrò wọn ní Ifẹ̀, Ìwó Road la ti ń wọkọ̀. Agbèrò á máa kígbe pé ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan, ọkọ̀ á sì dà bí èyí tó ti kún lóòótọ́. Màmá kì í wọlé. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n á máa bi àwọn tó jókòó pé kí ni wọ́n ń lọ ṣe ní Ifẹ̀, ẹrù wọn dà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, nítorí ọmọ gáréèjì ni wọ́n, wọ́n kàn jókòó kí èrò lè rò pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra ni. Agbèrò kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní ìyá wo tilẹ̀ lẹ jẹ́ gan-an. Èmi ni Màmá yíjú sí: "Ọkọ̀ tó kún kì í pariwo."

Nínú ilé, àwa ọmọ la jẹ ìyà ìfura yìí jù. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, Màmá kì í lọgun, wọn kì í sì í gbé pàṣán. Wọ́n á mú èmi lọ sí ilé ìdáná, wọ́n á mú Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lọ sínú gáréèjì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Wọ́n ní ife ike kan tí wọ́n kó ìbéèrè sí, tí wọ́n kọ sórí pélébé ìwé. Wọ́n á mi ife náà, wọ́n á mú ọ̀kan fún mi. Wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún ife mì, wọ́n á mú ọ̀kan fún Dàmọ́lá. Ṣé iná wà nígbà náà? Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà? Ọwọ́ wo lo fi ṣí ìdérí? Nígbà mìíràn ìbéèrè kan náà á bọ́ sí àwa méjèèjì lọ́wọ́, nígbà mìíràn á yàtọ̀. Màmá fúnra wọn kì í mọ èyí tó ń bọ̀. Èmi àti Dàmọ́lá á ti jókòó sẹ́yìn ilé, a ó ti fẹnu kò lórí irọ́ wa, irọ́ tó gún régé, ṣùgbọ́n ife yẹn kì í pẹ́ já a. A bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í kàn bi wá bí ìyá àwọn ọmọ yòókù ṣe ń bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tẹ́lẹ̀ kò tíì dáhùn."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n gbé wọlé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní fàráńdà ilé wọn ní Bódìjà. Wọ́n ní kí n ro bàtà ẹsẹ̀ méjì, kí wọ́n di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú páálí tirẹ̀, kí wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí Dùgbẹ̀, kí wọ́n gbé èkejì lọ sí Challenge. Bí ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀ bá ṣí páálí tó bá ẹsẹ̀ òsì, ó ti mọ̀ pé ọ̀tún ló wà ní Challenge. Kò sí idán níbẹ̀. Láti ilé ni bàtà ti mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tó kéré jù láyé, ègé ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá jáde pọ̀ bí ìbejì, kì í ṣe bàtà. Àwọn onímọ̀ ti fi irú ife Màmá dán wọn wò. Wọ́n yà wọ́n jìnnà síra, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdáhùn wọn sì bára mu ju ohun tí àdéhùn èyíkéyìí láti ilé lè ṣe lọ. Bẹ́ẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí èèyàn lè fi ọ̀kan nínú wọn rán sí èkejì.

Ohun tí kò jẹ́ kí Màmá sinmi nìyẹn. Ife tó ń mú èmi àti Dàmọ́lá kò mú àwọn ìbejì yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fura sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, wọ́n fura sí àwọn tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá gbà pé ìdánwò náà péye, wọ́n kó ìfura wọn lọ sórí àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní kò sí ìdáhùn kankan lára nǹkan náà àfi ìgbà tí a bá bi í. Àwọn kan ní gbogbo ìdáhùn ló ń ṣẹlẹ̀, pé ayé ló ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn kan ní ohun kan tó fara pamọ́ ló ń darí méjèèjì láti òkèèrè. Àwọn tó kù ní kí èèyàn ṣáà ṣe ìṣirò rẹ̀ kó lọ sùn. Màmá ní ìṣirò gbogbo wọn dọ́gba, ìtàn wọn ni kò dọ́gba, bí ẹlẹ́rìí bá sì ti pọ̀ tó báyẹn lórí ọ̀rọ̀ kan, "ẹnì kan ń sọ ohun tí kò rí."

Ọkọ wọn, Bàbá àgbà tó jẹ́ díákónì, nìkan ló máa ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí. Màmá sọ fún wọn nídìí oúnjẹ pé bí ègé ìmọ́lẹ̀ bá bá ojú ihò méjì pàdé, tí kò sí ohun tó ń ṣọ́ ọ, ṣe ló máa ń dà bíi pé ó gba méjèèjì kọjá, àwòrán tó ń yà sára ògiri ló ń fi hàn. Bí a bá ti gbé nǹkan síbẹ̀ láti mọ èyí tó gbà, ẹyọ kan náà ni yóò gbà, àwòrán yẹn á sì bàjẹ́. Bàbá ní kí ló wá ṣòro níbẹ̀, ṣebí Ọlọ́run ń rí èyí tó gbà. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní tí Ọlọ́run bá ń wò ó, kí ló dé tí àwòrán náà kò fi bàjẹ́ nígbà gbogbo? Bàbá jẹun tán, wọ́n ṣan ọwọ́ kí wọ́n tó fèsì: "Wíwò Ọlọ́run kì í da nǹkan rú bíi tìrẹ."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ni Bàbá ń sọ. Mo ti rí Màmá tí wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀wù Bàbá nígbà tí ìpàdé àwọn díákónì bá pẹ́ jù.

Ìjà tí wọn kò rẹ́rìn-ín sí ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngán ìjọ. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá, ó ní ẹ̀rọ kúáńtọ̀mù ni, pé bí èèyàn bá di ọ̀pá irin ara rẹ̀ mú, á ka gbogbo àìsàn tó wà lára rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ìyá ìjọ tò. Màmá náà tò. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan jáde nínú báàgì, wọ́n ti fi aṣọ ìnujú tútù wé e, wọ́n sì gbé ọ̀pá náà tì í. Ẹ̀rọ kà á láìṣiyèméjì. Ó ní ẹ̀dọ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú, egungun kò sì lágbára tó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá ni ọ̀pọ̀ bínú sí, wọn kò bínú sí ọkùnrin náà. Wọ́n ní Màmá dójú ti àlejò nínú ilé Olúwa. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ọkùnrin náà fi fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní orúkọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Ohun tí kò yé èèyàn ló rọrùn jù láti tà fún un."

Irú ẹni báyìí, ta ni yóò rò pé ó lè ṣìnà? Àwa ọmọ ilé kò rò ó. Àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé náà kò rò ó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dùn mí títí dòní.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó máa ń pe Màmá lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ṣe màgòmágó nínú ìdánwò. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ. Lọ́dún kan, wọ́n gbé akẹ́kọ̀ọ́ méjì wá síwájú ìgbìmọ̀ náà, Rónkẹ́ àti Mùsílíù, tí wọ́n ti wà ní ọdún ìkẹyìn. Gbọ̀ngán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ìbéèrè náà dá lórí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ìbejì yẹn. Àwọn méjèèjì kọ àpẹẹrẹ bàtà tó lọ sí Dùgbẹ̀ àti Challenge, àwọn méjèèjì sì ṣe àṣìṣe kan náà ní ojú kan náà: igun tó wà láàárín ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi ń bi àwọn ìbejì náà ní ìbéèrè, tó yẹ kí wọ́n pín sí méjì kí wọ́n tó fi ṣe ìṣirò, wọ́n lò ó lódindi. Bí ìgbìmọ̀ bá dá wọn lẹ́bi, lílé ni wọ́n á lé wọn.

Màmá sọ fún ìgbìmọ̀ pé bàtà yẹn, tàwọn ni, pé ó ti kárí Ìbàdàn, àwọn kò lè fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tó ń bí wọn nínú ni àṣìṣe, èyí tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn olùkọ́ láìtíì ṣe ìṣirò náà wò. Wọ́n ní òótọ́ lè gba ẹnu púpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà, ẹnu kan ló ti wá. Wọ́n fi Rónkẹ́ sí yàrá kan, wọ́n fi Mùsílíù sí òmíràn, wọ́n sì fi ife wọn bi wọ́n. Àwọn ọmọ náà kò mọ ohun kan nípa ara wọn. Rónkẹ́ ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀ nílé. Mùsílíù ní ọkùnrin kan tó ń ṣe kíláàsì àfikún ní Àgbowó ló kọ́ òun. Ìgbìmọ̀ sún ìdájọ́ sí ọjọ́ kejì. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Màmá wálé, ohun tí wọ́n sì ń sọ lójú ọ̀nà ni pé àwọn ọmọ yìí gbọ́n, àmọ́ àwọn á mú wọn.

Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n ní kí àwọn ṣe ìṣirò náà fúnra wọn, kí àwọn lè fi ibi tí àwọn ọmọ náà ti yà kúrò lọ́nà hàn wọ́n. Wọ́n ṣe é. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni ti Rónkẹ́ àti Mùsílíù. Wọ́n tún un ṣe, ibì kan náà ló já sí. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ló ṣìnà, pé òpè ni gbogbo wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ìwé ńlá kan wá lórí pẹpẹ. Mo gbé e wá. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì ń bú àwọn olùkọ́ náà, títí wọ́n fi fi ìka lé ìlà kan, tí wọn kò gbé e kúrò mọ́.

Mo rò pé ara wọn ni kò yá. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí àwọn bá ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, jígí ojú òòrùn méjì ni àwọn máa ń gbé léra, tí àwọn á máa yí ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi kú. Fún ìmọ́lẹ̀, odindi igun lèèyàn ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn á wá sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, bákan náà ni. Kì í ṣe bákan náà. Ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àfi kí a pín igun sí méjì. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní ìparí kíláàsì, wọn kò fi ìwé wò ó rí. Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́ ti jókòó sí kíláàsì wọn. Ọkùnrin Àgbowó yẹn náà ti jókòó síbẹ̀.

"Àdéhùn tí mò ń wá láàárín wọn rèé," ni wọ́n wí. "Fàráńdà Bódìjà ló jókòó sí."

Mo sọ fún wọn pé kò burú, kí wọ́n kàn sọ fún ìgbìmọ̀ pé ife ti dá àwọn ọmọ náà láre, kò yẹ kí wọ́n dárúkọ ara wọn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kò ní gbà, wọ́n á ní àánú ló ṣe àwọn. Àfi kí àwọn fi ẹnu tí àṣìṣe náà ti jáde hàn wọ́n. Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí, torí mi ò rí Màmá rí kí wọ́n máa fura sí ara wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá wọn wọlé, mo sì jókòó sẹ́yìn. Màmá dìde, wọ́n ṣe ìṣirò náà lára pátákó bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà èwe wọn, wọ́n fi ibi tí àwọn fúnra wọn ti ṣìnà han ìgbìmọ̀. Alága ìgbìmọ̀, tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí dáadáa, wo Màmá tìfuratìfura. Ó ní, "Màmá, ẹ má ba orúkọ yín jẹ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ."

Màmá ní, "Ọmọ ọlọ́mọ kọ́. Èmi ni mo kọ àṣìṣe yẹn sínú ìwé ìdánwò wọn. Ọwọ́ wọn ni mo fi kọ ọ́."

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin Àgbowó àti ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́, àwọn méjèèjì sì ní bí Màmá ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Wọ́n dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Rónkẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Mùsílíù dọ̀bálẹ̀, Màmá kò dúró gba ọpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò pè wọ́n mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́, wọn ò kàn pè wọ́n ni. Ó dùn wọ́n, ó sì dun èmi náà.

Ohun tí wọ́n fi ìyókù ọjọ́ ayé wọn ṣe ni pé wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé. Wọ́n á ní kí n bá àwọn tẹ nọ́ńbà, ti èyí tó wà ní Ring Road, ti èyí tó ti di ọ̀gá ní Àbújá, ti èyí tó wà lókè òkun. Wọn kì í jẹ́ kí onítọ̀hún kí wọn tán. Wọ́n á ní igun yẹn, àwọn kọ́ ọ lódì, kó bá àwọn pín in sí méjì. Àwọn mìíràn rò pé àgbà ti dé sí wọn. Èmi náà fura bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn kò tíì rí, Akínwálé, tí wọ́n ní òun ló mọ̀wé jù nínú gbogbo wọn. Nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé títí wọ́n fi lọ.

Akínwálé wá síbi ìsìnkú. Ọkùnrin tó ti hewú ni, ó ń bọ̀ láti Àpáta, ó ní ẹnu ọ̀rẹ́ òun kan lòun ti gbọ́ pé Màmá ń wá òun. Èrò ti ń tú ká, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń kó àga. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ ilé, mo sì jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi: pé kó pín igun ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí méjì, pé àwọn ṣì í lọ́nà, kó forí jì àwọn.

Ó ní òun mọ̀.

Mo ní kí ló mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti inú kíláàsì lọ́jọ́ tí Màmá ń kọ́ àwọn ní i gan-an. Ìwé wà níwájú òun, òun rí i níbẹ̀. Àwọn bíi mélòó kan tó jókòó níwájú ló rí i. Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì kọ ohun tí Màmá sọ sílẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní ọmọ méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ẹ̀kọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, Màmá fi ọjọ́ ogbó wọn tẹ fóònù kiri. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ta ni yóò dìde sọ fún Màmá pé wọ́n ṣìnà?"

Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú, ó sì wo fàráńdà tí wọ́n ti máa ń jókòó.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká má gba ohunkóhun gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Gbogbo ayé la wá ń fura sí, àfi Màmá nìkan."